Ẹsẹ̀ Igi Tó Já Bọ́ Lórí Àkàbà

"Ta ló ń bá mi wá ẹsẹ̀ igi ọmọ mi?"

Ẹnu ọ̀nà yàrá wa ni ìyá náà ti béèrè, kò tíì jókòó, kò tíì kí ẹnikẹ́ni. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀. Ọ̀gá wa, tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè ní Baba Oníṣirò, tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ẹni pé nọ́ńbà kan fẹ́ sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyá Fáìlì, obìnrin tó ń tọ́jú ìwé ẹjọ́, tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé kan tó ti kà tán. Èmi di báírò mi mú.

Ìyá náà ti tó ọmọ ọgọ́ta ọdún, ó fi gèlè aláwọ̀ eérú wé orí, àtẹ̀gùn tó gùn wá sọ́dọ̀ wa sì ti mú kó máa mí gúlegúle.

"Wọ́n ní kí n máa bọ̀ lókè níbí," ó ní. "Àwọn ọlọ́pàá tó wà ní àgọ́ ìsàlẹ̀ títì ní ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo ohun tí wọ́n ń jí nílùú yìí."

"Màmá, iye rẹ̀ la mọ̀," Ìyá Fáìlì ní. "A ò mọ ibi tó wà."

Òótọ́ ló sọ. Iṣẹ́ wa kò ju kíkà lọ. Gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá tó wà lágbègbè náà ló ń kó fáìlì wá sọ́dọ̀ wa lóṣooṣù. Àwa a yẹ̀ ẹ́ wò, a mọ irú ẹ̀ṣẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, a kọ nọ́ńbà sí i lẹ́yìn, nọ́ńbà a wọ inú kọ̀ǹpútà, fáìlì a wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Tí ọdún bá parí, àwọn èèyàn ńlá a gbé ìwé kékeré kan jáde pé olè dín kù, ìjà pọ̀ sí i. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti rí i.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀ṣẹ̀ àti ìdájọ́ ni mo kà ní yunifásítì. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀, torí pé ó jọ àlọ́ àpamọ̀. Wọ́n kọ́ wa pé ẹ̀ṣẹ̀ ní apá méjì: ohun tí ọwọ́ ṣe àti ohun tí ọkàn gbèrò. Bí ọ̀kan kò bá sí níbẹ̀, kò pé. Ẹni tó mú agboòrùn ẹlòmíràn lọ tó rò pé tòun ni, ọwọ́ ṣe é, ọkàn kò sí níbẹ̀; kì í ṣe olè. Ẹni tó jókòó sílé tó ń gbèrò bí òun ṣe máa dáná sun ilé aládùúgbò, ọkàn wà níbẹ̀, ọwọ́ kò tíì dé. Kò sẹ́ni tó lè tì í mọ́lé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpín oríṣiríṣi: ẹ̀ṣẹ̀ sí ara ènìyàn, ẹ̀ṣẹ̀ sí dúkìá, ẹ̀ṣẹ̀ tó ń da ìlú láàmú. Mo máa ń fi wọ́n ṣeré. Màá ní: ẹnì kan gba ojú fèrèsé wọlé onílé, kò rí nǹkan kan jí, ó mu omi, ó bá tirẹ̀ lọ, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀? Mo lè fi odindi wákàtí kan rò ó. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé kò fọ ife."

Nígbà tí mo wọ iṣẹ́, Baba Oníṣirò ya àkàbà kan sórí ìwé fún mi lọ́jọ́ kejì.

"Lọ́jọ́ kan ṣoṣo," ó ní, "àwọn kan wọ ilé onílé, wọ́n na onílé, wọ́n kó ẹrù rẹ̀, wọ́n gbé mọ́tò rẹ̀ sá lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ mélòó lo máa kà?"

"Mẹ́rin, sà."

"Òdo lo gbà. Ọ̀kan ni. Èyí tó ga jù lórí àkàbà ni kí o kà, kí o jẹ́ kí ìyókù já bọ́. Bí o bá ń ka mẹ́rin mẹ́rin, ìlú á dà bí igbó ọ̀daràn, èmi ni wọ́n á sì ránṣẹ́ pè."

Ìpànìyàn ló wà lókè téńté. Ó fi báírò kàn án lẹ́ẹ̀mejì. "Tí ẹ̀mí bá ti bọ́, ohun yòówù tó bá tún sọnù lọ́jọ́ náà, kò sí lójú ìwé mọ́."

Mo gbádùn òfin yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Ó mọ́ tónítóní. Fáìlì tó rí wúruwùru á wọlé, nọ́ńbà kan ṣoṣo á jáde.

Ìyá Fáìlì ló fi àga tirẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá náà, ó bu omi fún un. Nígbà tí èémí rẹ̀ wálẹ̀, ó sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi ọkùnrin ni. Bàtà ló ń ṣe. Ó di ọdún mẹ́ta nínú oṣù yìí. Ó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, ọ̀sán gangan, ni àwọn méjì já báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ gbà. Ó lé wọn. Ọ̀kan yíjú padà, ó fi ọ̀bẹ gún un."

"Ẹ kú àfẹ́kù, Màmá," Ìyá Fáìlì ní. "Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀."

"Àmín. Wọ́n mú wọn lọ́jọ́ kejì. Adájọ́ ti sọ wọ́n sẹ́wọ̀n. Mi ò tìtorí ìyẹn wá. Ẹsẹ̀ igi tó wà nínú báàgì yẹn ni mò ń wá."

Ó wá ṣàlàyé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, àbúrò olóògbé, jẹ́ tíṣà. Wọ́n bí i tòun ti ẹsẹ̀ òsì tó tẹ̀ wọnú, bàtà ọjà kankan kò gba ẹsẹ̀ náà. Nítorí rẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n fi kọ́ iṣẹ́ bàtà. Ó gbẹ́ igi kan bí ẹsẹ̀ náà ṣe rí, kí ó lè máa rán awọ mọ́ ọn. Á rán bàtà, àbúrò á wọ̀ ọ́, yóò ní ó ń dun òun níbi báyìí, ẹ̀gbọ́n á tún mú igi, á fá a díẹ̀, á tún bàtà mìíràn rán. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe èyí, títí di ọjọ́ tí àbúrò rìn dé ilé ìwé, tó kọ́ ọmọ títí ilé ìwé fi jáde, tó rìn padà sílé, tí kò sọ pé nǹkan kan ń dun òun. Láti ìgbà náà, orí igi yẹn ni ó ń rán gbogbo bàtà rẹ̀ lé.

"Ó kú tán, ó fi bàtà mẹ́rin sílẹ̀. Gbogbo wọn ti já. A ti gbé ẹsẹ̀ lọ bá oníbàtà méjì. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì dá egbò sí i lára. Ọmọ náà sì ní ìtọ̀ ṣúgà, egbò kì í san fún un bọ̀rọ̀. Dókítà ní bí kò bá rí bàtà tí kò ní kan ojú egbò yẹn, egbò á dé eegun. Tó bá dé eegun, àwọn á gé e."

Ó mu omi díẹ̀.

"Oníbàtà kan ní tí a bá gbé ẹsẹ̀ igi yẹn wá, ọjọ́ mẹ́ta lòun máa fi rán an. Bí kò bá sí i, òun náà á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, á máa fá, á máa dán an wò. Ọdún méjì. Ẹsẹ̀ ọmọ mi ò ní ọdún méjì."

"Kí ni wọ́n sọ ní àgọ́?" mo béèrè.

"Oṣooṣù ni mò ń lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Pé báàgì kankan ò dé ọ̀dọ̀ àwọn, pé àwọn olè yẹn á ti jù ú sí gọ́tà."

Baba Oníṣirò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sókè. "Màmá, ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sílẹ̀," ó ní. Ohùn tó fi sọ ọ́ dára, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tó máa ń sọ kí èèyàn lè lọ ni.

Èmi ni mo gba nọ́ńbà náà. Ara mi kò balẹ̀. Báàgì kan kúrò ní ojú títì, kò dé ibì kankan: irú àlọ́ tí mo fẹ́ràn nìyẹn. Bí ìyá náà ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí, mo ní kí Ìyá Fáìlì bá mi wá fáìlì ẹjọ́ náà. Kò pẹ́ tó fi rí i. Obìnrin yẹn lè fi imú wá fáìlì.

Mo jókòó tì í. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, ìwé dókítà, fọ́tò ọ̀bẹ, ìdájọ́ tí wọ́n fi kún un nígbà tó yá. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí igun ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Mo ń ṣí i lọ: mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́rìnlá.

Mo padà sẹ́yìn. Méjìlá, mẹ́rìnlá.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ti rí ihò tí ọ̀rọ̀ náà gbà jò. Mo yí fáìlì padà kí n lè mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kẹ́yìn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: ìpànìyàn, ọ̀kan. Ìwé ọwọ́ mi ni.

Gbogbo rẹ̀ wá padà bọ̀ sí mi lọ́kàn. Oṣù kìíní mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Òfin àkàbà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí lórí. Mo ka fáìlì náà, mo rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀, ẹ̀mí àti báàgì, mo jẹ́ kí báàgì já bọ́. Ṣùgbọ́n kò tó mi. Ojú ewé kẹtàlá, ọ̀rọ̀ báàgì nìkan ló wà níbẹ̀. Mo rò pé níwọ̀n ìgbà tí a kò ti ka olè náà, kí ni ìwé rẹ̀ tún ń wá nínú fáìlì? Mo yọ ọ́. Mo sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí. Mo gbà pé mò ń tún fáìlì ṣe ni. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé kí n ya ìwé. Ọ̀nà láti kà ni Baba Oníṣirò kọ́ mi, kò kọ́ mi láti gé nǹkan dànù. Akọ̀wé tí kò ka iṣẹ́ sí kò ní ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ láé. Kò tiẹ̀ ní ka ojú ewé náà dé ìsàlẹ̀. Èmi kà á. Mo rántí ohun tó wà níbẹ̀: òòlù kan, abẹ́rẹ́ ńlá mẹ́ta, ọ̀bẹ ìgéawọ kan, ẹsẹ̀ igi kan. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni sájẹ́ǹtì àgọ́ náà ti fọwọ́ sí i pé òun gba gbogbo rẹ̀ wọlé.

Nítorí náà, báàgì dé àgọ́. Ojú ewé kan ṣoṣo ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi sì nìkan ni mo mọ̀ ọ́n.

Ìyá Fáìlì ti dúró lẹ́yìn mi tipẹ́.

"Ìwọ ni, àbí?" ó rọra sọ. "Mo rántí ọjọ́ náà. O kà á sókè. 'Ẹsẹ̀ igi kan.' O ní ta ló máa jí ẹsẹ̀ igi, àfi tábìlì tó yarọ. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín."

Mi ò lè gbójú sókè.

"Lọ sọ fún ọ̀gá. Kí ọ̀gá pe àgọ́. Kí wọ́n wá a."

"Wọ́n á lé mi dànù, Màmá. Yíya ìwé nínú fáìlì ọlọ́pàá, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Pípa ẹ̀rí run ni wọ́n ń pè é." Mo gbọ́ ohùn ara mi bí mo ṣe ń yára sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò. "Ṣùgbọ́n kò pé. Ọwọ́ ṣe é, ọkàn kò sí níbẹ̀. Mi ò mọ̀."

"Lọ́jọ́ yẹn, o ò mọ̀." Ó gba fáìlì lọ́wọ́ mi, ó pa á dé. "Láti ìsinsìnyí lọ, ọkàn ti dé."

Mo ní n ó sọ ọ́ lọ́la. Lọ́jọ́ kejì, Baba Oníṣirò bínú dé ibi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pè é sí ìpàdé. Ọjọ́ kẹrin, mo fi fóònù ìta pe àgọ́ náà, mi ò sọ orúkọ, mo béèrè báàgì oníbàtà kan. "Báàgì kankan ò dé ọ̀dọ̀ wa," wọ́n ní, wọ́n sì gbé fóònù sílẹ̀. Mo wá ẹ̀dà ojú ewé náà ní ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò ìjọba. Kò sí. Mo ń sáré, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ni mò ń sáré sí. Mò ń wá ọ̀nà tí báàgì á fi jáde láìjẹ́ pé ẹnu mi ló mú un jáde.

Ní Sátidé, mo lọ sílé wọn. Mo ní ìwádìí ni. Yàrá méjì ni, ó mọ́, ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé wà lórí bẹ́ẹ̀dì, lórí àga, lórí ilẹ̀. Tíṣà náà jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé orí àpótí, wọ́n fi báńdéèjì wé e dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó ń fi báírò pupa máàkì ìwé.

"Ẹ̀yin ni ti ọ́fíìsì oníṣirò?" ó ní. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ yáa kà á kíákíá. Méjì ṣì ni."

Ìyá rẹ̀ ní, "Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Màmi, bí mi ò bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, kí ni kí n fi ṣe?" Ó yíjú sí mi. "Kí lẹ fẹ́ mọ̀?"

Mo ní kí ó sọ bí igi náà ṣe rí. Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ó kúrú. Iwájú rẹ̀ tẹ̀ wọnú. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù gun èkejì rẹ̀ bí ọmọ tó gun ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Kókó kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹsẹ̀. Àwọ̀ igi náà pọ́n bí àwọ̀ oyin.

"Nígbà tí ó gbẹ́ ìka yẹn, mo bá a jà," ó ní. "Mo ní kí ló dé tí ó fi ń gbẹ́ àbùkù mi síta, tí kò kàn gbẹ́ ẹsẹ̀ tó dáa. Ó ní ẹsẹ̀ tó dáa wà nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù, òun ò rí tèmi níbì kankan."

Ó mú bàtà ìkẹyìn jáde. Awọ rẹ̀ ti tú, ó ti fi òwú funfun rán an títí ibi ìrán kò fi sí mọ́. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ètè mi. Ìyá rẹ̀ gbé omi tútù wá, ó ní, "Ọlọ́run á san án fún ọ, ọmọ mi. Ìwọ nìkan lo wá láti ọdún mẹ́ta." Mo mu omi náà. Mo dìde. Mo lọ.

Ní ilé ìwé, wọ́n bi wá léèrè pé ṣé àìṣe nǹkan lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n fi àpẹẹrẹ bàbá kan sí i, tó rí ọmọ rẹ̀ nínú omi, tó káwọ́ gbera, tó ń wò ó. Mo kọ ojú ewé mẹ́fà lórí bàbá yẹn. Èmi ni mo gba máàkì tó ga jù ní kíláàsì.

Ìyá Fáìlì kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. "Ẹ" tó ń lò fún mi yẹn, èmi tí ó ti máa ń pè ní "ìwọ burúkú yìí," ó dùn mí ju èébú lọ. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, ó ní, "Tí o ò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, èmi á sọ ọ́." Mo ní n ó sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé.

Ìyá oníbàtà ló kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ Ajé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò béèrè nǹkan kan. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà níbi tó dúró sí lọ́jọ́sí, ó ní:

"Wọ́n ti gé e. Lánàá. Láti ọrùn ẹsẹ̀."

Ìyá Fáìlì gbé ọwọ́ lé orí. Baba Oníṣirò dìde dúró, ó sì yọ dígí ojú rẹ̀. Mo ṣí ẹnu, ọ̀rọ̀ náà sì jáde bí ẹni pé kò ṣòro rí: pé báàgì dé àgọ́, pé ìwé kan wà tó sọ bẹ́ẹ̀, pé èmi ni mo ya ìwé náà.

Ìyá náà ń wò mí. Kò jọ pé ọ̀rọ̀ náà yé e lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá, Màmá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn."

"Kí o tó wá sílé mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"O mu omi mi."

Ó jókòó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń ṣí ìka kan lẹ́yìn òmíràn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọjọ́ ló ń kà.

"Ọjọ́ mọ́kàndínlógún," ó ní. "Ọjọ́ mẹ́ta ni oníbàtà náà ní òun máa fi rán an. Tó bá jẹ́ pé o sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ṣé a ò bá ti rí i?"

"Mi ò mọ̀, Màmá."

"Èmi náà ò mọ̀. Ó ti di tèmi láti máa rò títí n ó fi kú."

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ìdọ̀bálẹ̀ kò lè wọ bàtà. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà, ó rẹlẹ̀. "Nígbà tó jí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wo ìsàlẹ̀ aṣọ. Kò sunkún. Ó ní, 'Màmi, mo fẹ́ rí ẹsẹ̀ mi.' Mo ní wọ́n ti gbé e lọ. Ó ní èyí tí bọ̀dá gbẹ́ lòun ń sọ. Ó ní igi yẹn nìkan ló kù tó mọ bó ṣe rí." Ó gbójú sí mi. "Lọ mú un wá fún un."

Mo wo Baba Oníṣirò.

"Máa lọ," ó ní. "Ohun tó yẹ kí n kọ, n ó kọ ọ́. Wàá bá a lórí tábìlì rẹ." Ó tún dígí ojú rẹ̀ wọ̀, ṣùgbọ́n kò jókòó.

Àgọ́ náà kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ka fáìlì wọn, mi ò dé ibẹ̀ rí. Káńtà gígùn kan wà níwájú, ibi tí àwọn èèyàn ń dúró sí. Lẹ́yìn káńtà, ilẹ̀kùn onírin kan ṣí sílẹ̀ sí yàrá inú. Ọlọ́pàá kan tó sanra, tó ń jẹ ẹ̀pà, ló wà níbẹ̀. Mo sọ orúkọ iṣẹ́ mi, mo sọ ohun tí mo ṣe, mo sọ orúkọ sájẹ́ǹtì tó fọwọ́ sí ìwé.

"Há! Sájẹ́ǹtì ti kúrò níbí tipẹ́," ó ní. "Ṣé ó dá yín lójú pé ó gba báàgì?"

"Ojú mi ni mo fi kà á."

Ó wò mí, ó gbé ẹ̀pà sílẹ̀, ó fa ìwé ńlá kan jáde. A wá ọjọ́ náà, a wá ọ̀sẹ̀ náà. Kò sí nǹkan. "Ìwé tẹ́ ẹ yà yẹn ló yẹ ká fi tọpa rẹ̀," ó ní. Kò sọ ọ́ bí èébú. Ó kàn ń ṣàlàyé iṣẹ́ ni. "Tí kò bá sí ìwé, ẹrù ò ní olúwa. Ẹni tó bá nílò òòlù á mú òòlù. Ẹ máa bọ̀ nínú ṣá, ká yẹ yàrá ẹrù wò. Ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè o, ẹ má gbá igi ẹnu ọ̀nà tó dá ilẹ̀kùn dúró. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá gbá dé, èèyàn méjì ló ń ṣí i."

Mo gbẹ́sẹ̀ sókè, mo wọlé.

A tú yàrá náà fún ohun tó ju wákàtí kan lọ. Kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀, ìgò fífọ́ nínú ọ̀rá, àdá, àgádágodo, bàtà tó ṣẹ́kù ẹyọ kan. Mo rí òòlù mẹ́ta, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Mo rí báàgì awọ kan, inú rẹ̀ ṣófo, eku ti jẹ etí rẹ̀. Mo tú gbogbo páálí, mo wo ẹ̀yìn pẹpẹ, mo nà gbalaja sílẹ̀ láti wo abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ọlọ́pàá náà bá mi wá a tọkàntọkàn, òógùn bò ó. Nígbà tó yá, ó ní, "Bọ̀dá, ó ti tó."

Mo jáde, mo jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́yìn káńtà, mo fẹ̀yìn ti ògiri. Níwájú mi ni káńtà wà, ojú ibi tí ìyá náà ti ń dúró lóṣooṣù. Mo ń rò ó bó ṣe máa ń gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí pákó yẹn. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni láti ibẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn onírin náà. Ọ̀dà búlúù ni wọ́n fi kun ilẹ̀kùn náà, àti férémù rẹ̀, àti ìsàlẹ̀ ògiri. Ẹni tó kùn ún kò tilẹ̀ gbé igi ẹnu ọ̀nà kúrò; ó kun òun náà mọ́ ọn.

Igi búlúù náà ní ìka. Èyí tó kéré jù gun èkejì rẹ̀.

Mo rá lọ síbẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Bọ̀dá, ẹ má yọ ọ́!" ọlọ́pàá náà kígbe. "Ilẹ̀kùn yẹn á gbá dé mọ́ wa o!"

Mo fà á yọ, mo yí i padà. Ọ̀dà kò dé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọ̀ oyin ni, ẹnì kan sì ti fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó kọ nǹkan sí i káàkiri, kékeré kékeré, ó ti fá òmíràn kúrò, ó sì tún ti kọ òmíràn lé e: *Ó ń dùn ún níbí. Dín díẹ̀. Ó ṣì ń dùn ún. Dín sí i.* Ní gìgísẹ̀, níbi tí ìkọ̀wé náà ti parí, ó kọ ọ́ tóbi ju ìyókù lọ:

*Ó ti tó. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́.*